Kẹ́hìndé Lójú, Táyé Nínú

Àṣàkẹ́, ọmọ ìyá mi,

Mi ò ní béèrè bóyá ara rẹ le, torí ọjọ́ Àìkú ni a jọ jẹun, o sì jẹ ẹran tèmi mọ́ tìrẹ. Ìpọ̀nrí tí o kó lọ kò jìnnà sí Ìwáyà níbí. Bí mo bá fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀, mo lè ki ẹsẹ̀ bọ bàtà kí n wá. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu mi kò lè gbé e bí o bá ń wò mí. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ rí, ó di ọ̀rọ̀ oúnjẹ mọ́ mi lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

O sọ fún mi lọ́jọ́ Àìkú náà pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá rẹ gbé fún ọ ní ọ́fíìsì yín ní Yaba ni pé kí o tún ojú-ewé kan ṣe nínú ètò kọ̀ǹpútà wọn. O ní àwọn tó ń lò ó ń ráhùn pé àwọn yan nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà, ètò náà sì fi nǹkan mìíràn pamọ́. Mo bi ọ́ pé kí lo rí níbẹ̀. O rẹ́rìn-ín. O ní, "Bọ̀dá mi, nǹkan kékeré ni. Ojú ti yí, inú kò tíì yí. Màá tún un ṣe kí n tó mu tíì mi tán."

Mo bá ọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí o lọ tán, mi ò lè gbé abọ́ tí a fi jẹun kúrò nílẹ̀.

Kì í ṣe nǹkan kékeré, Àṣàkẹ́. Nǹkan kékeré yẹn ni mo fi ba ayé èèyàn méjì jẹ́. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí o kò mọ̀. Ìkejì ni Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́, tó máa ń fi ìrẹsì pamọ́ dè ọ́ nígbà tí o bá ti ilé-ìwé dé tí èmi kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Ìgbà mélòó lo ti bi mí pé, "Bọ̀dá mi, Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́ ń kọ́?" Èmi a ní, "Ó ti kó lọ." Ó kó lọ lóòótọ́. Èmi ni mo lé e lọ.

Bàbá ló yẹ kó kọ lẹ́tà sí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá wa kò sí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí màámi tẹ̀lé e lọ, ìwọ jẹ́ mẹ́sàn-án, mo gbé ọ wá sí Èkó, a jọ ń sùn lórí ẹní kan. Mi ò bí ọ, ṣùgbọ́n níbi tí bàbá máa ń dúró, ibẹ̀ ni mo dúró. Nítorí náà, gba lẹ́tà yìí bí ẹni pé òun ló kọ ọ́. Ibi tó bá dára nínú rẹ̀, fi sọrí rẹ̀. Ibi tó burú, tèmi ni.

Ìmọ̀ràn kìíní. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé wa lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ni mọ́nítọ̀ kíláàsì wa. Pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì hẹ́ẹ̀dímásítà. Láràárọ̀, mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ iye ọmọ tó wá sí kíláàsì tiẹ̀ síbẹ̀. Kí o tó mọ iye náà, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe orúkọ nínú ìwé, kí o fàmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi kò nífẹ̀ẹ́ sí pípe orúkọ. Mo máa ń fojú wo kíláàsì fìrí, màá lọ kọ ogójì sí pátákó. Ta ló ń ṣí ìwé? Pátákó ni gbogbo àlejò ń wò.

Lọ́jọ́ kan, àwọn aláyẹ̀wò dé. Pátákó ní ogójì. Ìwé, tí mo fàmì sí kẹ́yìn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní méjìlélọ́gbọ̀n. Orí tó wà lórí àga jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Tíṣà Oyèwọlé pè mí síwájú. Ó ní, "Olórí kunkun, ta ló ní kí o máa fi orí ro nọ́ńbà sí pátákó? Pátákó kì í ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Ohun tó bá wà nínú ìwé ni kó máa sọ. Bí ìwé bá yí, sáré padà lọ nu pátákó." Ó nà mí ní ẹgba mẹ́fà. Ẹgba náà dùn mí débi pé mo gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ náà ni ì bá sì gbà mí là.

Torí gbogbo iṣẹ́ tí èmi àti ìwọ ń ṣe nìyẹn. Ohun kan wà tí èèyàn ń rí lójú kọ̀ǹpútà: àpótí, bọ́tìnnì, orúkọ tó ń tàn. Ohun kan sì wà nínú tí ètò náà rántí, èyí tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ yunifásítì ń pè ní fáríábù. Ti inú ni ìwé. Ti ojú ni pátákó. Jẹ́ kí òtítọ́ gbé ibì kan ṣoṣo, kó gbé inú. Bí ẹnì kan bá tẹ nǹkan lójú, jẹ́ kí títẹ̀ náà kọ́kọ́ lọ yí inú padà, kí inú wá sọ fún ojú ohun tí yóò fi hàn. Má ṣe jẹ́ kí ojú yí ara rẹ̀ láì gba inú kọjá. Má gbẹ́kẹ̀ lé e pé wàá rántí yí méjèèjì. Ìwọ náà, olórí kunkun ni ọ́, ẹbí kan náà ni wá. Wàá gbàgbé.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bí ojú gbogbo kọ̀ǹpútà ṣe rí nìyẹn.

Ìkejì ò gùn. Kí n tó máa ṣe ti ọsibítù, mo kọ ètò kan fún bàbá kan tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú. Ọ̀pá kan wà lójú rẹ̀ tí ó lè fà síwá-sẹ́yìn láti mú ìwé tóbi tàbí kó kéré, àpótí nọ́ńbà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní bí ọ̀pá bá yí, kó sọ fún àpótí. Bí àpótí bá yí, kó sọ fún ọ̀pá. Mo rò pé mo gbọ́n. Bàbá náà fa ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pá sọ fún àpótí, àpótí yí, ó sọ fún ọ̀pá, ọ̀pá tún sọ fún àpótí, kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Bàbá náà pè mí, ó ní, "Àyìndé, wá wo nǹkan rẹ o. Àna méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn. 'Ẹ kọ́kọ́ wọlé.' 'Rárá o, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọlé.' Òjò á pa wọ́n síbẹ̀." A rẹ́rìn-ín títí. Kí nǹkan tó ránṣẹ́ sí ìkejì rẹ̀, jẹ́ kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tuntun wà láti sọ. Bí kò bá sí, kó panu mọ́. Bàbá yẹn pàdánù wákàtí méjì àti bébà díẹ̀. Ó ṣeé fi ṣẹ̀rín. Mo rò pé gbogbo àṣìṣe iṣẹ́ yìí ló máa ń ṣeé fi ṣẹ̀rín.

Ìkẹta nìyí.

O mọ ọsibítù kékeré tó wà lójú ọ̀nà tó lọ sí etí ọ̀sà níbí. Mátírọ́nù ló ni ín. Mo kọ ètò fún wọn tí wọ́n fi ń kọ oògùn tí wọ́n bá fún aláìsàn sílẹ̀. Orúkọ ọmọ wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni bọ́tìnnì tí nọ́ọ̀sì yóò tẹ̀ tó bá ti gún un lábẹ́rẹ́ tán. Kó tó débẹ̀, yóò kọ́kọ́ yan ọmọ náà nínú ìlà orúkọ. Bó bá yan orúkọ, orúkọ lójú yóò yí, ọmọ tí ètò rántí nínú yóò yí pẹ̀lú. Mo ṣe ìyẹn dáadáa.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́ pè mí. Ó ní, "Àyìndé, jọ̀ọ́, ìbejì pọ̀ jù níbí. Orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, ojú mi ń dà wọ́n rú nínú ìlà yìí. Bá mi fi nǹkan kan sí i, tí mo bá ti ṣe Táyé tán, kí n kàn tẹ̀ ẹ́, kí Kẹ́hìndé dé."

Mo fi ọfà kékeré kan sí i. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo tẹ̀ ẹ́, orúkọ Táyé lọ, orúkọ Kẹ́hìndé dé. Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà!" Bó ṣe ń pè mí nìyẹn. Mo gbé àpò mi, mo lọ. Orúkọ lójú nìkan ni ọfà náà ń yí, Àṣàkẹ́. Ọmọ tó wà nínú ṣì jẹ́ Táyé.

Ó tún ní ìwé kan, eléèpo líle aláwọ̀ aró, tó máa ń kọ gbogbo abẹ́rẹ́ tó bá gún sí. Lẹ́yìn tí ètò mi dé, kò jù ú nù. Mo rí i lọ́wọ́ rẹ̀, inú bí mi. Mo ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ń fi ìwé ṣọ́ kọ̀ǹpútà ni?" Ó ní, "Mi ò ṣọ́ ọ o. Mo kàn fẹ́ kí àwọn méjèèjì máa ríra wọn." Mo lọ bá Mátírọ́nù. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ máa kọ̀wé, kí ni wọ́n pè mí fún? Mátírọ́nù gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo wà níbẹ̀. Inú mi dùn.

Kò pé oṣù kan tí obìnrin kan gbé ìbejì wá láti etí ọ̀sà. Ẹja ló ń yan níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ a máa dẹdò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn ọmọ náà, ara wọn gbóná bí ààrò. Wọ́n dá wọn dúró fún ọjọ́ márùn-ún, wọ́n ní kí wọ́n máa gún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní abẹ́rẹ́ kan lóòjọ́. Abẹ́rẹ́ náà lágbára. Bó bá tó, ó ń wo ọmọ sàn. Bó bá pọ̀ jù, etí ló ń bà jẹ́.

Láràárọ̀, Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́ gún Táyé, ó tẹ bọ́tìnnì. Ó tẹ ọfà, ó rí orúkọ Kẹ́hìndé, ó gún Kẹ́hìndé, ó tẹ bọ́tìnnì. Kò ṣe àṣìṣe kankan. Nínú, ètò mi kọ ọ́ pé Táyé gba méjì, Kẹ́hìndé kò gba nǹkan kan. Lọ́sàn-án, nọ́ọ̀sì mìíràn gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun kò lo ọfà. Ó yan Kẹ́hìndé nínú ìlà orúkọ, ó rí òfo, ó ní Rónkẹ́ ti gbàgbé èyí, ó sì gún un. Ọjọ́ márùn-ún. Kẹ́hìndé gba ìlọ́po méjì lójoojúmọ́.

Ara àwọn ọmọ náà balẹ̀, wọ́n lọ sílé. Nígbà tí wọ́n pé oṣù mẹ́jọ, ìdérí ìkòkò já bọ́ lẹ́yìn wọn. Táyé ta gìrì, ó sì bú sẹ́kún. Kẹ́hìndé ń mu ìka rẹ̀. Ìyá wọn gbé ìdérí náà, ó mọ̀ọ́mọ̀ jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló gbé ọmọ rẹ̀ padà wá sí ọsibítù.

Mátírọ́nù ṣí ètò náà. Ó ránṣẹ́ pe Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́, ó sì ránṣẹ́ pe èmi náà.

Ó ní, "Rónkẹ́, fi ojú ara rẹ wò ó. Táyé, ẹ̀ẹ̀mejì. Táyé, ẹ̀ẹ̀mejì. Ọjọ́ márààrún. Kẹ́hìndé, òfo láràárọ̀. O kò mọ èyí tí ò ń gún nínú wọn. Ọmọ kan lò ń gún lẹ́ẹ̀mejì, Kẹ́hìndé lò ń pè ní Táyé."

Ó ní, "Mà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni mo fún ní tiẹ̀. Mo rí orúkọ Kẹ́hìndé lójú rẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo rí i." Ó wá yíjú sí mi. "Àyìndé, jọ̀ọ́ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé kò lè jẹ́ pé nǹkan yìí ló ṣì í?"

Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò tilẹ̀ jókòó. Mo ní, "Àǹtí, kọ̀ǹpútà kì í parọ́. Èèyàn ló ń gbàgbé."

Ẹyin lohùn, Àṣàkẹ́. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́. Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́ wò mí. Ó tú aago kékeré tí wọ́n máa ń há mọ́ àyà, ó fi sínú báàgì rẹ̀, ó kí Mátírọ́nù pé ó dàbọ̀, ó sì jáde. Ìyá ìbejì náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣépè fún un. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́, ta ni yóò bá a wí? Ẹni tí èpè náà tọ́ sí ń wo fóònù rẹ̀ nínú ọ́fíìsì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo ń wá nǹkan mìíràn nínú kóòdù náà, mo bá kan ọfà yẹn. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó yí orúkọ lójú. Ìlà kejì, tó yẹ kó yí ọmọ tó wà nínú, kò sí níbẹ̀. Mi ò kọ ọ́ rí. Mo wò ó títí. Mo kọ ọ́ sí i. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Mátírọ́nù bi mí pé kí ni mo ṣe. Mo ní mo tún àwọ̀ bọ́tìnnì ṣe ni.

Kò sí nǹkan tí mo ṣe nínú ayé mi tó burú tó ìdáhùn yẹn. Ọfà, mo gbàgbé ni. Èyí, mi ò gbàgbé.

O wà nínú ọdún àṣekágbá nígbà yẹn, mo sì sọ fún ara mi pé torí rẹ ni, pé bí iṣẹ́ yẹn bá lọ, ilé-ìwé rẹ lọ. Irọ́ ni. Má gbé e sórí rẹ rárá. Iyì mi ni mi ò fẹ́ kó bọ́. Èmi tí mo máa ń sọ òótọ́ sójú àgbà, tí wọ́n ń pè ní aláìgbọ́ràn lábúlé torí pé mi ò lè panu mọ́, ọjọ́ tó yẹ kí ẹnu mi là ni mo rí i pé mo lè panu mọ́ fún ọdún méjì.

Mi ò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo kà dé mọ́. Jẹ́ kí n kàn máa sọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀.

Bí ọ̀nà méjì bá wà láti ṣe nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà, jẹ́ kí méjèèjì gba ẹnu ilẹ̀kùn kan náà wọlé. Ìlà orúkọ mi gba ilẹ̀kùn. Ọfà mi gba ojú fèrèsé.

Nígbà tí ètò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, wo ohun tí ojú ń sọ, kí o wo ohun tó wà nínú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń já ara wọn jù sílẹ̀.

Bí o bá fẹ́ dán nǹkan wò, má kàn wo ojú kí o pàtẹ́wọ́. Ti ètò náà pa, kí o tún un ṣí, kí o wò ó bóyá ohun tó wà níbẹ̀ ni ohun tí o fi síbẹ̀. Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan péré, Kẹ́hìndé ì bá máa gbọ́ràn lónìí.

Bí ẹni tó ń lo iṣẹ́ rẹ bá sọ pé, "Kì í ṣe ohun tí mo tẹ̀ nìyí," gbà á gbọ́. Bí kò tilẹ̀ kàwé. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ arúgbó tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Gbà á gbọ́ kí o tó gba ara rẹ gbọ́. Ó wà níbẹ̀, ìwọ kò sí níbẹ̀.

Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ máa kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú, ra ìwé fún un.

Lẹ́yìn tí o rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Àìkú, mo wá Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́ lọ. Àná ni mo rí i, ní Mushin, ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà! Ìwọ rè é? Àṣàkẹ́ ń kọ́? Ó ti jáde?" Mo ní o ti jáde, o ti ríṣẹ́ sí Yaba. Ó ní, "Ọlọ́run ṣeun. Ọmọ yẹn á jẹun títí á dúpẹ́ lọ́wọ́ abọ́." Mo wá kúnlẹ̀ láàárín aṣọ, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ọfà, ìlà tí kò sí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọ̀ bọ́tìnnì.

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Mo retí kó gbá mi létí. Ohun tó sọ burú jù ú lọ.

Ó ní, "Mo ti gbà pé èmi ni."

Ó ní, "Lóṣù àkọ́kọ́, mo mọ̀ pé n kò ṣe é. Mo ń jà. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé wọ́n jọra, pé ojú mi kò dára tó, pé kọ̀ǹpútà kì í parọ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Ọwọ́ mi, abẹ́rẹ́, ọmọ kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì. Mo rí i débi pé mo lè sọ àwọ̀ fìlà tó wà lórí rẹ̀. Ọdún méjì ni mo ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ohun tí mi ò ṣe. Mo ń ránṣẹ́ bẹ ìyá ọmọ yẹn. Àyìndé, o ò kàn gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. O wọ inú orí mi, o yí ohun tí mo rántí padà."

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Dìde. Aṣọ ọlọ́mọ lo kúnlẹ̀ lé."

Mo ní màá lọ sọ fún Mátírọ́nù kí wọ́n gbà á padà. Ó na ọwọ́ rẹ̀ jáde kí n wò ó. Ó ní, "Abẹ́rẹ́ aṣọ nìyí, ọwọ́ yìí dúró. Bí mo bá rí ti ọsibítù, ó ń gbọ̀n. Kí ni wọ́n fẹ́ gbà padà?" Ó tún ní, "Má wá sọ fún èmi nìkan kí o lè rí oorun sùn. Lọ bá ìyá ọmọ."

Kò dárí jì mí. Mi ò sì bi í bóyá yóò dárí jì mí. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó pè mí padà. Mo rò pé ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí màá lè gbé lọ. Ó ní, "Sọ fún Àṣàkẹ́ kó máa kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú."

Mo ti jẹ́ iṣẹ́ náà.

Láàárọ̀ òní, mo lọ sí etí ọ̀sà. Mo dúró níbi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe, mo ń wo ilé ìyá ìbejì náà. Àwọn ọmọ náà ti ń sáré, ọdún méjì-ààbọ̀. Wọ́n kẹ́yìn sí ìyá wọn, wọ́n ń kó ìkarahun jọ. Ó pariwo láti ibi ààrò pé, "Kẹ́hìndé! Kẹ́hìndé o!" Táyé ló yíjú. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wá na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ìkejì rẹ̀. Kẹ́hìndé gbójú sókè, ó rí ìyá rẹ̀, ó sì sáré lọ bá a. Kò sí ẹni tó kọ́ Táyé, mo rò bẹ́ẹ̀. Orúkọ méjèèjì ló ń dáhùn.

Mi ò lè sún mọ́ wọn. Mo yí padà, mo wá jókòó kọ èyí. Lọ́la, màá tẹ kóòdù àtijọ́ náà sórí ìwé, eléyìí tí ìlà kejì kò sí nínú rẹ̀. Mo ṣì ní in. Màá kọ́kọ́ gbé e lọ bá Mátírọ́nù, lẹ́yìn náà màá gbé e lọ sí etí ọ̀sà. Ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kó yọ. Wọ́n lè pe ọlọ́pàá. Ọkọ obìnrin náà lè lù mí. Kò sí èyí tí yóò mú kí ọmọ yẹn gbọ́ràn, mo mọ̀. Òtítọ́ tí mo fẹ́ gbé lọ yìí ti pẹ́ jù, ó ti rà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń ṣépè fún ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́, kò sì yẹ kí ìyẹn di ọdún mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ náà yóò dé Yaba, torí ẹnu àwọn oníṣẹ́ wa kò níbodè. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ọ́fíìsì pé ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ni, sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Má sẹ́ mi. Má sì gbèjà mi. Orúkọ bàbá wa ni a jọ ń jẹ́, mo sì ti fi ẹrẹ̀ yí i kí o tó fi wá iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ. Ìyẹn náà wà lára ohun tí mi ò lè tún ṣe.

Ó ku ẹyọ kan. Ojú-ewé tí ọ̀gá rẹ ní kí o tún ṣe yẹn. Mo mọ̀ pé o ti tún un ṣe, ọwọ́ rẹ yá ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n má fi mọ síbẹ̀. Padà lọ béèrè pé láti ìgbà wo ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Béèrè pé ta ni àwọn tó ti gba ibẹ̀ kọjá, kí ni wọ́n tẹ̀, kí ni ètò yín fi pamọ́ fún wọn. Wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀gá rẹ bá ní kò ṣe pàtàkì, ya olórí kunkun fún un. Èmi tún kóòdù ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan. Mi ò wá ẹnikẹ́ni lọ.

Ọmọ ọdún méjì-ààbọ̀ gbọ́ ohun tí ìkejì rẹ̀ kò gbọ́, kò gbé e pamọ́, ó na ọwọ́ fi kàn án. Kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, mi ò lè ṣe é.

Èmi ni, Àyìndé, tí o máa ń pè ní Bọ̀dá mi. Bí o bá ka èyí tán tí o kò fẹ́ pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, pè mí ní orúkọ mi lásán. Èmi ṣì ní etí. Màá gbọ́.